Ṣóńṣó Méjì, Ìtàn Méjì: Mo Tún Pépà Ọdún 2004 Kà

Ọ̀kan nínú yín, tí òun náà ti di olùkọ́ yunifásítì báyìí, kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ó ní nóòtì mi àtijọ́ lòun fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun nípa nánótúùbù kábọ̀n. Nígbà tó dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé agbára òòfà máa ń la ṣóńṣó ìmọ́lẹ̀ wọn sí méjì, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, ṣóńṣó méjèèjì yẹn, ṣé àfonífojì K àti K′ ni lóòótọ́, àbí exciton dúdú àti exciton títàn ni?" Ó ní òun ò mọ èsì tí òun máa fún un, ni òun bá ní kó jẹ́ kí òun lọ bi Prof.

Èmi náà, nígbà tí mo kà á, mo jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò tíì tún ojú ìwé yẹn wò láti ọdún 2005, bẹ́ẹ̀ mo fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo wá gbé pépà tí mo fà á yọ nínú rẹ̀ jáde, mo tún un kà láti òkè délẹ̀, mo sì ka àwọn tó tẹ̀lé e. Ohun tí mo rí rèé. N ò sọ pé pépà náà parọ́ o. Ohun tí wọ́n wọ̀n, wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Ìtàn tí wọ́n gbé lé orí ohun tí wọ́n wọ̀n, tí àwa olùkọ́ wá gbà láì bi í léèrè, ni mo ń bá jà.

Ẹ̀yin tí físíìsì kì í ṣe iṣẹ́ yín, ẹ má tíì sá lọ. Ẹ fojú inú wo ẹní kan tí wọ́n fi átọ́ọ̀mù kábọ̀n hun, tí ojú híhun rẹ̀ rí bí afárá oyin, tí kò sì nípọn ju átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ. Ẹ ká ẹní náà di ọ̀pá oníhò, kí ẹ so etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ débi pé ojú ìsopọ̀ kò hàn rárá. Nánótúùbù kábọ̀n nìyẹn. Èyí tí a ń sọ níbí fẹ̀ tó nánómítà kan. Irun orí wa nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sumio Iijima ló jẹ́ kí ayé kọbi ara sí wọn ní 1991. Ní 1993, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ní Japan, pẹ̀lú àwọn ará IBM ní Amẹ́ríkà, kálukú lọ́tọ̀, ṣe irú èyí tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló ní.

Bí a ṣe ká ẹní yẹn ló ń sọ irú ohun tí yóò dà. Bí a bá ká a tààrà, tàbí a ká a ní dídàgẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ló máa pinnu bóyá iná mànàmáná yóò máa gba ara rẹ̀ kọjá bíi ti irin, tàbí yóò ní àlàfo agbára bíi ti sílíkọ́nì. Bí a bá pín gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà ká a sí mẹ́ta, ìdá kan ń jẹ́ irin, ìdá méjì ń ní àlàfo. Àwọn alálàfo yìí ni wọ́n ń mu ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń tàn án padà jáde ní àwọ̀ tí ojú wa kò lè rí, níwájú pupa.

Ibo wá ni òòfà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú ògiri ọ̀pá náà ń ṣe bí ìgbì. Ìgbì tó bá yí ọ̀pá po gbọ́dọ̀ pàdé ara rẹ̀ déédéé, bí ẹni tó ń hun agbọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ rí i pé bátànì tó fi bẹ̀rẹ̀ bá èyí tó fi parí mu. Bí agbára òòfà bá gba inú ihò ọ̀pá kọjá ní òòró, ó máa ń sún ojú ìpàdé yẹn díẹ̀, àlàfo agbára á sì yí padà. Gbòǹgbò èrò yìí wà nínú ohun tí Yakir Aharonov àti David Bohm kọ ní 1959. Hiroshi Ajiki àti Tsuneya Ando ló wá ṣírò rẹ̀ fún nánótúùbù ní 1993. Wọ́n ní bí òòfà ṣe ń pọ̀ sí i, àlàfo yóò máa tóbi, yóò máa kéré, irin lè di alálàfo, alálàfo lè di irin. Tí iye òòfà inú ihò náà bá sì pé ìwọ̀n kan, ìyẹn h tí a fi e pín, gbogbo rẹ̀ yóò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Nínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ibi méjì ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti lè fo àlàfo yẹn, àwọn la ń pè ní àfonífojì K àti K′. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Láìsí òòfà, agbára tí fífò yẹn ń gbà dọ́gba fún àwọn méjèèjì. Bí òòfà bá dé, ó ń gbé ọ̀kan sókè, ó ń rẹ èkejì sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣóńṣó kan nínú àwòrán ìmọ́lẹ̀ fi yẹ kó di méjì. Ìtàn àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ni mo sì kọ sínú nóòtì yín.

Pépà ọdún 2004 tí mo ń sọ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Sasa Zaric ni orúkọ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀, Junichiro Kono ní Rice University, Houston, ló darí iṣẹ́ náà, Richard Smalley tó gba Nobel ní 1996 sì wà lára wọn. Wọ́n kó ọ̀pá wọn lọ sí Tallahassee ní Florida, níbi tí òòfà arábarìbì kan wà tó ń dé tesla 45. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ MRI ọsibítù sábà máa ń jẹ́ tesla 1.5 tàbí 3. Inú omi ni àwọn ọ̀pá náà wà, tí èròjà bí ọṣẹ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra wọn, wọn kì í tàn. Rice náà ni ọgbọ́n ọṣẹ yìí ti jáde ní 2002, tèmi ni pé iṣẹ́ 2002 yẹn gan-an ló ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ohun tó tẹ̀lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòfà ni àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ.

Kí ni wọ́n rí? Bí òòfà ṣe ń le sí i, àwọn ọ̀pá inú omi ń tò, wọ́n ń dojú kọ apá tí òòfà dojú kọ. Ṣóńṣó ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń mu àti èyí tí wọ́n ń tàn ń sún sí apá pupa, wọ́n ń fẹ̀, wọ́n sì ń là sí méjì. Iye tí wọ́n fi sún àti iye tí wọ́n fi là bá ìṣírò Ajiki àti Ando mu. Ni wọ́n bá kéde pé àmì Aharonov àti Bohm ti hàn nínú àlàfo agbára ohun líle. Mo rántí ọjọ́ tí mo kà á. Mo pariwo ní ọ́fíìsì.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Fún ọ̀pá tó fẹ̀ tó nánómítà kan, kí òòfà inú ihò rẹ̀ tó pé ìwọ̀n h/e kan, a nílò tesla tó lé ní 5,000. Tesla 45 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ajiki àti Ando ní àlàfo yóò lọ, yóò sì bọ̀; ohun tí Zaric àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí kò ju ìbẹ̀rẹ̀ lílọ lọ. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ yí ìlú po, tó rìn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ojúlé kejì, tó wá ní òun ti rí i pé ìlú náà rí roboto. Àbùkù kékeré lèyí, mo mọ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn bá iye tí ìṣírò sọ mu, nǹkan ńlá sì nìyẹn. Nínú Science ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ará Illinois, Ulas Coskun, Alexey Bezryadin àtàwọn yòókù, lo ọ̀pá tó nípọn gan-an, wọ́n sì wọn iná mànàmáná dípò ìmọ́lẹ̀, wọ́n rí lílọ àti bíbọ̀ h/e náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pá tó bá fẹ̀ tó nánómítà 30, bíi tesla 6 ti tó láti yí i po. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohun kan han àwọn ọmọ pé ìlú rí roboto, tiwọn ni kí ẹ fi hàn wọ́n.

Àwọn kan tún máa ń jà lórí orúkọ. Nínú ohun tí Aharonov àti Bohm sọ, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ fara kan òòfà rárá, ẹ̀yìn odi ló ń gbà kọjá. Nínú nánótúùbù, òòfà gba inú ògiri náà kọjá, ó fara kan ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbangba. Ó dá mi lójú pé kò yẹ ká fi èyí dá wọn lẹ́bi. Ògiri náà kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ, kò sí àyè tí òòfà lè tì í sí; iye òòfà tó wà nínú ihò nìkan ló ku ohun tó lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Èmi ò sọ ọ́ fún yín.

Ó tó. Ẹ̀sùn tó jù wà níwájú.

Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá fo àlàfo, ó fi àyè òfìfo sílẹ̀ lẹ́yìn, àyè náà sì ń fà á mọ́ra. Nínú sílíkọ́nì, fífà yìí kò tó nǹkan. Nínú ọ̀pá tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ yẹn, kò sí ibi tí wọn yóò sá sí, wọ́n so mọ́ra bí aya àti ọkọ ìyàwó tuntun. Àwọn méjì tó so pọ̀ yìí là ń pè ní exciton. Feng Wang, Louis Brus, Tony Heinz àtàwọn yòókù ní Columbia fi hàn ní 2005 pé agbára tó so wọ́n tó nǹkan bí 400 meV. Àlàfo fúnra rẹ̀ sì rèé, kò ju eV kan tàbí díẹ̀ sí i lọ! Kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbójú fò. Ohun tó dùn mí jù ni pé Ando kan náà yìí ti kọ pépà lórí exciton inú nánótúùbù láti 1997, ọdún méje ṣáájú. Ìwé wà nílẹ̀. Àwa ni a kò kà á, tàbí a kà á, a sì rò pé àlejò ni ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni exciton ṣe sí Táyé àti Kẹ́hìndé? Kò jẹ́ kí wọ́n dá dúró mọ́. Agbára iná tó wà láàárín ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti àyè òfìfo so ìbejì méjèèjì pọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì ṣe di àjùmọ̀ṣe. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà jùmọ̀ ṣe é. Bí wọ́n bá fa okùn sí apá kan náà, ìmọ́lẹ̀ á rí agbára àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan: exciton títàn nìyẹn. Bí ọ̀kan bá ń fà síbí, tí èkejì ń fà sọ́hùn-ún, okùn kò ní mira, ìmọ́lẹ̀ kò ní rí nǹkan kan: exciton dúdú nìyẹn. (Àwọn mìíràn tún wà, tí wọ́n dúdú nítorí ìdí mìíràn, mo fò wọ́n.) Ìyàtọ̀ kékeré wà láàárín agbára àwọn méjèèjì, ẹ jẹ́ ká pè é ní Δ. Èyí dúdú ló wà nísàlẹ̀.

Òòfà wá dé. Ó fẹ́ ya ìbejì, àmọ́ ìsopọ̀ wọn kò gbà. Bí òòfà kò bá lágbára, èyí dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ èyí títàn. Bí òòfà bá borí ìsopọ̀ náà pátápátá, Táyé á dá dúró, Kẹ́hìndé á dá dúró, ṣóńṣó méjì á hàn, gíga wọn á sì dọ́gba. Ìtàn kejì nìyẹn. Ṣé ẹ rí i pé níbi tí òòfà ti le gan-an, ìtàn méjèèjì sọ ohun kan náà? Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìsàlẹ̀. Ìtàn àkọ́kọ́ ní láìsí òòfà, ṣóńṣó méjì ló gun ara wọn lórí, tí méjèèjì ń tàn. Ìtàn kejì ní wọ́n ti yàtọ̀ síra tẹ́lẹ̀, òkùnkùn ni ọ̀kan wà.

Àṣìṣe mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i dáadáa. Mo sọ fún yín pé ìṣírò bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu, nítorí náà ìtàn náà jóòótọ́. Ẹ wò ó. Fún ọ̀pá nánómítà kan, òòfà ń ya ìbejì ní nǹkan bí meV kan fún tesla kọ̀ọ̀kan. Ní tesla 45, ká pè é ní 45 meV. Nínú ìtàn kejì, ìyapa ṣóńṣó méjèèjì dà bí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù nínú onígun mẹ́ta tó ní igun ọ̀tún: a ó ṣe 45 lọ́nà ara rẹ̀, a ó ṣe Δ lọ́nà ara rẹ̀, a ó rò wọ́n pọ̀, a ó wá gbòǹgbò rẹ̀. Bí Δ bá jẹ́ 4 meV, èsì jẹ́ 45.2. Bí Δ bá tilẹ̀ jẹ́ 10, èsì jẹ́ 46.1. Ooru inú yàrá fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 26 meV, àdàlù oríṣiríṣi ọ̀pá ló sì wà nínú omi náà, tí ṣóńṣó wọn ń gun ara wọn, tí kò sì sí èyí tó tò délẹ̀ nítorí pé omi ń mì wọ́n. Ta ló máa rí ìyàtọ̀ 0.2 meV níbẹ̀? Ìṣírò tó bá àwọn wíwọ̀n yẹn mu kò lè ya ìtàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Méjèèjì ni ì bá bá wọn mu.

Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún Kono àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ni pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n tún un ṣe. Wọn ò dúró de ẹlòmíràn. Ní 2006, wọ́n gbé òòfà kọjá tesla 55, wọ́n rí ṣóńṣó méjì tí gíga wọn dọ́gba, wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òòfà borí ìsopọ̀ tí ì bá sọ exciton tó wà nísàlẹ̀ di dúdú. Ìtàn ti yí padà nìyẹn, láìpariwo. Mo fẹ́ kí wọ́n pariwo díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ka ti 2004 nìkan kò lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mì lábẹ́ rẹ̀.

Ní 2007, Jonathan Shaver àtàwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ náà mú kí òtútù wọ̀ ọ́ gan-an, wọ́n rí i pé òòfà ń jẹ́ kí ọ̀pá tàn sí i, tó tó ìlọ́po 6. Ó bọ́gbọ́n mu: nínú òtútù, àwọn exciton máa ń já sísàlẹ̀, wọ́n á há sí ibi dúdú; òòfà wá ṣí fèrèsé fún wọn. Wọ́n ní Δ wà láàárín 5 sí 10 meV, wọ́n sì kọ ọ́ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Kò tíì parí o. Ní 2008, Ajit Srivastava, Han Htoon, Victor Klimov àti Kono kan náà wo ọ̀pá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 50, nínú òtútù, pẹ̀lú òòfà kékeré. Láìsí òòfà, ṣóńṣó kan. Bí òòfà ṣe ń pọ̀, ṣóńṣó tuntun yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń ga sí i bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń rẹlẹ̀, nígbà tó sì kọjá tesla 3, òun ló ga jù. Δ jẹ́ 1 sí 4 meV fún ọ̀pá tó fẹ̀ tó nánómítà 1.0 sí 1.3. Lọ́dún kan náà ní Kyoto, Matsunaga, Matsuda àti Kanemitsu rí irú rẹ̀ nínú ọ̀pá kan ṣoṣo.

5 sí 10 kì í ṣe 1 sí 4. Ọ̀pá tó bá tín-ín-rín jù máa ń ní Δ tó tóbi jù, èyí lè gba ti 2007 sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àdàlù ni wọ́n ti fa iye yẹn yọ, pẹ̀lú àwòṣe tí wọ́n ṣe fúnra wọn, nígbà tó jẹ́ pé ojú lásán ni a fi ń rí ti 2008. Ti 2008 ni mo gbà. Ó tún fi ohun kan hàn tí àdàlù kò lè fi hàn láéláé, pé Δ kò dúró sójú kan láti ọ̀pá dé ọ̀pá. Ohun tó yí ọ̀pá ká ń dá sí i.

Mo tún gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ pé exciton dúdú yìí ló fà á tí nánótúùbù kì í fi í tàn dáadáa. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ 2002 yẹn rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀pá bá mu, bí ẹyọ kan ló ń tàn padà. Nínú ooru yàrá, 26 meV ju 4 meV lọ fíìfíì. Exciton tó já sí ibi dúdú á tètè fò padà sókè. Èyí tó ń pa ìmọ́lẹ̀ náà jù ni etí ọ̀pá àti àbùkù ara rẹ̀. Laurent Cognet, Bruce Weisman àtàwọn yòókù fi hàn ní 2007 pé exciton kan máa ń rìn tó nǹkan bí nánómítà 90 nígbà ayé rẹ̀, tí àbùkù kan ṣoṣo tó bá pàdé lójú ọ̀nà sì lè pa á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí nóòtì mi ṣì wà lọ́wọ́ yín, níbi tí mo kọ ọ́ sí pé "òòfà ya K àti K′, nítorí náà ṣóńṣó di méjì", ẹ fa ìlà sí i. Ẹ má fa ìlà sí àwòrán tesla 45 yẹn, òótọ́ ni. Bí mo bá tún ń kọ́ni lónìí, ti 2008 ni n ó kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, kí wọ́n rí èyí dúdú tó ń jí, lẹ́yìn náà ti 2006, kí n tó wá padà sí ti 2004. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé exciton dúdú àti exciton títàn ni wọ́n láìsí òòfà, pé bí òòfà bá sì ti borí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di K àti K′ rẹ̀ gan-an. Kó mú Δ ní 1, 4 àti 10 meV, kó ṣírò ìyapa ní tesla 1, ní 3, àti ní 45, kó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.